Lórí Oko Ọba ni bàlúù ń gbà, ṣùgbọ́n kò tíì sí olówó pọ́ọ́kú tó ń lọ sí Amẹ́ríkà tààrà

Lọ́pọ̀ ìgbà, orí Oko Ọba, l'Ágége, ni bàlúù máa ń gbà kọjá bó bá fẹ́ẹ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed, n'Íkẹjà. Àwọn alápatà tó wà ní odò ẹran kì í tilẹ̀ wòkè mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tàbí bàbá tó bá lọ́mọ l'Ámẹ́ríkà kò ní í ṣàìbéèrè pé, ṣé kò sí èyí tó lè gbé òun lọ tààrà lówó pọ́ọ́kú ni?

Ká má parọ́, kò tíì sí. Àwọn tó tiẹ̀ ń lọ tààrà láti Èkó kò tó nǹkan. December, 2007 ni Delta bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Atlanta. United bẹ̀rẹ̀ ti Washington ní November, 2021. Arik tiwa náà gbìyànjú. November 30, 2009 ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò New York, ṣùgbọ́n ó dópin ní 2017, ọdún tí AMCON gba àkóso ilé iṣẹ́ náà. Bí ọlọ́jà bá kéré lọ́jà, ẹ̀yin náà mọ bí owó ọjà ṣe máa ń rí.

Ọ̀rọ̀ dọ́là tún wà níbẹ̀. Náírà là ń san, dọ́là làwọn òyìnbó fẹ́ẹ́ kó lọ sílé. Ní June, 2023, IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú lágbàáyé, ní owó wọn tó há sí Nàìjíríà ti lé ní mílíọ̀nù 812 dọ́là. Oṣù yẹn kan náà ni náírà já wálẹ̀.

Ohun tí ọlọ́jà tuntun lè ṣe hàn nínú ọ̀rọ̀ Air Peace. Ní March 30, 2024, ilé iṣẹ́ Allen Onyema yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó lọ sí Gatwick, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n kéde fún àlọ àtàbọ̀, kíá làwọn òyìnbó kan náà dín tiwọn kù.

Láti Gatwick yìí náà ni Freddie Laker ti ń fi Skytrain rẹ̀ kó èrò lọ sí New York ní pọ́n-ùn 59 péré lọ́dún 1977, kó tó kógbá sílé ní 1982. Norse Atlantic náà bẹ̀rẹ̀ ti owó pọ́ọ́kú níbẹ̀ ní August, 2022.

Ibí yìí gan-an ni ká ti ṣọ́ra. Ẹlòmíì lè ní kóun wọ Air Peace dé Gatwick, kóun wá wọ olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀. Tìkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Bí àkọ́kọ́ bá pẹ́, ìkejì lè lọ, kí owó sì wọgbó. Èèyàn ni yóò gbẹ́rù fúnra rẹ̀, tí yóò tún un forúkọ sílẹ̀, tí yóò sì sanwó lé e, torí ọ̀pọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í gbé àpò ńlá lọ́fẹ̀ẹ́, oúnjẹ gan-an, títà ni. Ìyá tó fẹ́ lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀, tó di èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ dání, ṣé iye tó rò pé òun dín kù ò ti tán síbẹ̀? Yóò tún dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó láti gba ìlú wọn kọjá, wàhálà dé.

Láti May 13, 2024 ni àdéhùn Open Skies láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pátápátá, tó fi jẹ́ pé ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè pinnu iye ìgbà tí wọ́n máa fò àti iye tí wọ́n máa gbà. Ẹni tó máa gbé bàlúù olówó pọ́ọ́kú wá là ń retí.

Kó tó dìgbà náà, ẹ bi ẹni tó ń ta tìkẹ́ẹ̀tì fún yín bóyá ẹyọ kan ni tàbí méjì, ibi tí bàlúù yóò ti dúró, àti iye kílò ẹrù tó wà nínú owó náà. Ẹ má sì jẹ́ kó di December kẹ́ ẹ tó rà á.