Ìtàn Ìfẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Eléèwọ̀

Ìwé ìtàn ìfẹ́ kan láti Amẹ́ríkà bọ́ sí wa lọ́wọ́, nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, èyíinì ni bọ́ọ̀lù tí a ń fi kùmọ̀ gbá, tí èèwọ̀ rẹ̀ kò lóǹkà. Inú wa dùn bí a ti ṣí i. Ṣùgbọ́n ó já wa kulẹ̀. Òǹkọ̀wé náà ń fi èèwọ̀ wọ̀nyí pa wá lẹ́rìn-ín ṣáá, kò sì sọ ohun tí ń ba ọkùnrin náà lẹ́rù. Bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ti fẹnu kò ó lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ pòórá bí ìrì òwúrọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ha ni ó rí? Wade Boggs, tí ó gbá eré yìí láàárín àwọn ọ̀gá láti 1982 títí di 1999, a máa jẹ adìẹ ṣáájú ìdíje gbogbo. A sì máa fa ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó túmọ̀ sí “ìyè” sórí ilẹ̀ kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Júù. Ní 1984 ó tilẹ̀ tẹ ìwé nípa sísè adìẹ jáde! (Ẹni tí ń bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbélé ni à bá fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀.)

George Gmelch, tí òun pàápàá ti gbá eré náà rí, kọ̀wé ní 1971 pé èèwọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tí ń gbá a, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lọ́dọ̀ àwọn tí ń sá lé e mú. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà tàsé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbá a, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n tó, bí ìgbà 3 nínú 10 ni ó ń yege. Ìgbà 7 yòókù ni ẹ̀rù náà ti wá, ọmọbìnrin inú ìwé wa kò sì béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.