Ohun tí orúkọ Kírìjì ń sọ fún onífíìmù

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ogun Yorùbá, idà, ọfà àti ọfọ̀ ni wọ́n fi ń jà. Bí ìbọn bá yọjú, ṣakabùlà ni. Ọmọ iléèwé kan níbí ní Ìlàrè bi mí pé, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ja ogun Kírìjì?" Mo ní kó tún orúkọ ogun náà pè. Kí-rì-jì! Ìró ìbọn ló di orúkọ ogun, bí ìró ẹ̀rọ ṣe sọ alùpùpù lórúkọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu ìbọn la ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú ṣakabùlà. Ó ń pẹ́. Ní ti ìbọn tuntun tí Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó nígbà ogun ọdún 1877 sí 1893 yẹn, ìdí la ti ń ki ọta sí i, ó sì ń yá. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè dá Ìbàdàn dúró.

Àwọn Òyìnbó náà ń ṣì í. Ogun ọdún 1879 ni fíìmù Zulu (1964) ń sọ, síbẹ̀ ìbọn Lee-Enfield, tó jáde ní 1895, wà lọ́wọ́ àwọn sójà kan níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìbọn àtijọ́ wọ́n. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọfọ̀ nìkan làwọn ọmọ ń rí, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn baba ńlá wọn wá ìbọn ìgbàlódé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀yin onífíìmù, bí ẹ ò bá rí ìbọn náà, ẹ ṣáà jẹ́ ká gbọ́ ìró rẹ̀.