Ẹ Kan Dẹ́ẹ̀kì Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọkọ̀ náà wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n fi ẹsẹ̀ irin gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a sì ní láti gun àkàbà kí a tó dé orí rẹ̀. Oṣù Kẹrin ni, yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ rà á ti ń rẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀, torí pé wọ́n ti kun ọkọ̀ náà, ó ń dán bí awo. Mo fa sukurudiráfà yọ nínú àpò, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí rẹ̀ tó jẹ́ ike kan dẹ́ẹ̀kì, ibi tí ènìyàn ń rìn lórí ọkọ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Kó, kó, kó. Ó ń dún le. Nígbà tí mo dé ibi tí irin tó di wáyà òpó ìgbòkun mú ti gba inú dẹ́ẹ̀kì kọjá, ohùn náà yí padà: bù, bù, bù. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi fi gìgísẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó rì díẹ̀, bí ìgbà tí a tẹ àkàrà gbígbóná. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra ìkòkò amọ̀ náà nìyẹn. Wọn kì í wo ọnà ara rẹ̀ nìkan. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á sì dẹtí sí i.

Triton ni ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí. Àwọn ìbátan méjì, Clinton àti Everett Pearson, ló ṣe é ní ìlú Bristol, ní Rhode Island níbí. Carl Alberg, ọmọ Sweden tó wá fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ló ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní New York ní oṣù Kìíní ọdún 1959, nígbà tí wọ́n sì fi dáwọ́ dúró ní 1967, wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní 700. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ní àsìkò tó jẹ́ pé igi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọkọ̀. Fáíbà ṣì jẹ́ ohun tuntun nígbà náà, wọn kò tí ì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, wọ́n bá ń lé e ní ìpele lórí ìpele títí ó fi nípọn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ara ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí fi ṣì le koko. Owó rẹ̀ náà sì ti wálẹ̀ débi tí òṣìṣẹ́ olóṣù lè rà á. Mo fẹ́ràn irú ọkọ̀ yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí pé ibi tí agbára rẹ̀ wà àti ibi tí àrùn ń gbà wọ̀ ọ́ kì í ṣe ibì kan náà.

Abẹ́ ni agbára wà. Ẹ wo egungun igẹ̀ adìẹ, bó ṣe yọ síta tó sì gùn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Irú rẹ̀ ló wà lábẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun, òun ni wọ́n ń pè ní kíìlì. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, kíìlì kò ju ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi lẹbẹ ẹja lọ, bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ìtọ́kọ̀ sì dá dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Lára ọkọ̀ oníkíìlì gígùn bíi Triton, kíìlì àti ara ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan, ìtọ́kọ̀ sì so mọ́ ẹ̀yìn kíìlì gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń so mọ́ férémù. Pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, wà nínú ihò láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí okùn apẹja kò ti lè tètè lọ́ mọ́ ọn.

Ìwọ̀n ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí kíìlì ń ṣe. Gbogbo Triton wọn bíi 3,140 kílò, òjé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan sì wọn bíi 1,370. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìgò, ẹ dé e, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú omi: lóòró ni yóò dúró, bí ẹ bá sì ti ọrùn rẹ̀ lulẹ̀, yóò tún dìde. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti òpó dà sí apá kan, bẹ́ẹ̀ ni òjé abẹ́ ń yọ lọ sí apá kejì, bó bá sì ṣe ń jìnnà tó ni agbára tó fi ń fa ọkọ̀ padà ń pọ̀ tó. Triton kò fẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ àti díẹ̀ péré ni, torí náà ó máa ń tètè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí atẹ́gùn bá kọ́kọ́ gbá a. Ẹ̀rù á ba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò ní pẹ́ tí òjé yóò fi dá a dúró, tí yóò sì máa sáré lọ ní fífì yẹn láìmì.

Iṣẹ́ kejì ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Ọkọ̀ apẹja tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n rán àpò pọ̀ ṣe ìgbòkun fún, ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ló ń bá a lọ. Báwo wá ni ọkọ̀ mìíràn ṣe ń rìn lọ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀? Ẹni tó bá ti di àjẹ̀ mú rí mọ̀ pé bí a bá fi etí àjẹ̀ gé omi, wẹ́rẹ́ ló ń kọjá, ṣùgbọ́n bí a bá fi pẹlẹbẹ rẹ̀ ti omi, omi á kọ̀ fún un. Etí kíìlì ló kọjú síwájú, pẹlẹbẹ rẹ̀ ló kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Afẹ́fẹ́ ń ti ìgbòkun láti apá kan, omi ń ti kíìlì láti apá kejì. Ẹ fi ìka méjì fún kóró àgbálùmọ̀ tútù, ẹ ó rí i pé iwájú ló máa ta sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ṣe ń ta síwájú. Kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà, àmọ́ ó lè máa rìn kọ́lọkọ̀lọ sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi dé ibi tó ń lọ.

Gígùn kíìlì náà tún ń jẹ́ kí ọkọ̀ di ojú ọ̀nà rẹ̀ mú, ìgbì kì í tètè yí i lórí. Awakọ̀ ìgbòkun kan, James Baldwin, fi Triton rẹ̀ tó ń jẹ́ Atom yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì. Tania Aebi kúrò ní New York ní 1985 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 18, Contessa 26, ọkọ̀ mìíràn tó jẹ́ oníkíìlì gígùn, ló sì fi yí ayé po tó fi padà dé ní 1987.

Ohun kan náà tó ń mú ọkọ̀ oníkíìlì gígùn lọ tààrà ni kì í jẹ́ kó tètè yí. Nínú èbúté tó há, fífi ẹ̀yìn rìn ni ìyọnu rẹ̀: pùròpẹ́là á máa fẹ́ omi lọ síwájú dípò kó fẹ́ ẹ sí ìtọ́kọ̀, ìtọ́kọ̀ kò sì ní lágbára kankan. Kò sì yára. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ló ń gbé ìgbì kan dìde níwájú, òmíràn lẹ́yìn, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ ni àárín wọn ń gùn sí i, títí ọkọ̀ yóò fi jókòó sínú kòtò láàárín ìgbì méjèèjì. Gígùn ibi tí omi ti kan ọkọ̀ ló ń pinnu eré tó máa kó sí kòtò yẹn. Lára Triton, ẹsẹ̀ bàtà 20.5 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ lé ní 28. Eré rẹ̀ kò lè ju bíi máìlì òkun mẹ́fà lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń kánjú, kó wá òmíràn.

Ó wá ku ibi tí àrùn ń gbà wọlé. Ara ọkọ̀ jẹ́ fáíbà gbalaja, ṣùgbọ́n dẹ́ẹ̀kì jẹ́ fáíbà lókè, fáíbà nísàlẹ̀, igi bálísà fífúyẹ́ láàárín. Gbogbo sukúrúù àti bóòtù tí ẹnikẹ́ni bá ti lù sí dẹ́ẹ̀kì láti 60 ọdún sẹ́yìn ti di ọ̀nà fún omi. Omi á wọlé ní ìkán kọ̀ọ̀kan, igi á máa jẹrà, òkè á sì máa dán. Láti tún un ṣe, ẹ ó gé fáíbà òkè kúrò, ẹ ó ha igi jíjẹrà dànù, ẹ ó fi tuntun rọ́pò, ẹ ó tún fi fáíbà bò ó. Bí ibi tó jẹrà bá pọ̀, gbogbo ọjọ́ ìsinmi yín ní odindi ọdún kan lè bá a lọ.

Orí dẹ́ẹ̀kì yìí kan náà ni òpó Triton dúró sí, kò wọlé dé abẹ́ ọkọ̀. Igi inú yàrá ọkọ̀ ló ń gba ẹrù rẹ̀. Ẹ wo ìdí òpó bóyá ó ti rì, kí ẹ sì wọ inú yàrá lọ wo igi tó gbé e. Bí ilẹ̀kùn inú ibẹ̀ bá ń há, ẹ bi ẹni tó ń ta ọkọ̀ léèrè ìdí tó fi ń há. Wáyà tó ti lé ní ọdún 15, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀.

Nísàlẹ̀, ẹ di ìtọ́kọ̀ mú kí ẹ mì ín. Bó bá ń mì gbọ̀ngbọ̀n, idẹ tó gbé e ti jẹ. Ẹ kan abẹ́ kíìlì níbi tó ti lè gbá òkúta rí, kí ẹ sì wò ó bóyá omi ń kán níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìléròrò kéékèèké tí ẹ bá rí lábẹ́ ọ̀dà kò tó ohun tí à ń sá fún.

Ẹ́ńjìnnì ni mo fi sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ṣe. Atomic 4, tó ń lo epo bẹntiróòlù, ló wà nínú ọ̀pọ̀ Triton. Oru tó ń jáde lára epo yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ dùbúlẹ̀ sí, iná kékeré kan sì tó láti fọ́ ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ inú ọkọ̀ síta kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ́ńjìnnì tó kú kò tó ìdí láti fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ lè so kékeré mìíràn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi fi èyí tó ń dán yẹn sílẹ̀. Ó ra Triton mìíràn tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ sì dún kó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yin náà bá ń wá a, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tó ṣì wà nínú omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde, kí ẹ sì pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ọkọ̀ wò. Kó má ṣe jẹ́ ẹni tí ọlọ́kọ̀ bá yín mú wá.