Ìpàdé àwọn tó ń kọ kóòdù ní Braamfontein: ta ló lè jókòó títí yóò fi parí?

Ní Johannesburg, bí ọ̀dọ́ kan bá fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì ayélujára, tí kò ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni nílé iṣẹ́ ńlá kankan, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ fún un pé kó lọ sí Braamfontein. Àdúgbò náà kò tóbi. Àárín gbùngbùn ìlú wà ní gúúsù rẹ̀, ní òdìkejì ojú irin, afárá Nelson Mandela tí wọ́n ṣí ní 2003 ló sì so ó mọ́ Newtown. Yunifásítì Witwatersrand, tí gbogbo ayé ń pè ní Wits, wà níbẹ̀. Ní 2016, Wits ṣí ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Tshimologong sí Juta Street. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń rí ilé kan tí wọ́n lè pé jọ sí, láìjẹ́ pé ẹnì kan gba owó ilé lọ́wọ́ wọn.

Ìpàdé tí à ń wí yìí kì í ṣe kíláàsì, kì í sì í ṣe àpérò olówó ńlá. Ó sún mọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì nílé wa: àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń kóra jọ, wọ́n ń fi irinṣẹ́ tuntun han ara wọn, wọ́n sì ń gbọ́ ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Àmọ́ kò sí owó ẹgbẹ́, kò sí ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́ dé, kò sì sí ọ̀gá tí yóò ṣe fíríídọ̀ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ tán ló ń sọ fúnra rẹ̀ pé òun ti kọ́ ọ tán, kó tó wá ẹni tí yóò gbà á gbọ́.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá parí. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ sí bébà pélébé kan, wàá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Ẹni tó ń darí ìpàdé á pè ọ́ ní bhuti tàbí sisi, ìyẹn arákùnrin tàbí arábìnrin, á tọ́ka ibi tí písà wà fún ọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn á ké pé lẹ́tà náà kéré jù, á sì sọ ọ́ di ńlá. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù lójú gbogbo èèyàn. Kò ní pẹ́ tí àṣìṣe kan á fi yọjú, tí ojú ìwé tó fẹ́ fi hàn wọ́n kò ní ṣí. Ẹnì kan níwájú á ní àmì kan ló fò ní ìlà kejìlá; ẹlòmíràn á ní rárá o, orúkọ fáìlì ni kò bára mu. Ọmọ Soweto tó ti ń rò nínú yàrá rẹ̀ pé òun nìkan ni kóòdù ń yọ lẹ́nu yóò rí i pé ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà látọdún mẹ́wàá náà ń wá àṣìṣe kiri bíi tòun. Fídíò orí ayélujára kì í sábà kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, nítorí àwọn tó ṣe é ti gé ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ kúrò.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n á béèrè pé ta ló ń gba èèyàn síṣẹ́. Àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á tún béèrè pé ta ló ń wá iṣẹ́. Ní orílẹ̀-èdè tí àìríṣẹ́ṣe àwọn ọ̀dọ́ ti ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ wọn tìtorí rẹ̀ wá, mi ò sì rí ohun ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Àṣà náà ti pẹ́ láyé. Ní oṣù kẹta 1975, àwọn kan tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà pàdé nínú gáréèjì kan ní Menlo Park ní California, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Homebrew sílẹ̀. Àárín wọn ni Steve Wozniak ti kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́ han àwọn èèyàn. Àmọ́ gáréèjì ni wọ́n ní. Ní Johannesburg, ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní gáréèjì ló pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ilé tí Wits fi sílẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Barry Dwolatzky ló ṣáájú iṣẹ́ dídá Tshimologong sílẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ni, Wits ló sì ti kàwé. Ó lọ sí Britain ní 1979, ó sì ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú ANC ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì fòfin de ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó padà sílé, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ sọ́fítíwià, ó sì dá JCSE, ibùdó fún ìmọ̀ iṣẹ́ sọ́fítíwià, sílẹ̀ ní Wits ní 2005 kí àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwià ìlú náà lè mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ti kó kúrò ní àárín ìlú lọ sí àdúgbò Sandton. Ọjà ìpín-ìdókòwò pàápàá kó lọ síbẹ̀ ní 2000. Dwolatzky wo àwọn ilé àtijọ́ tí Wits ní ní Juta Street, tí ilé ijó alẹ́ kan wà lára wọn, ó sì ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ lò. Ó wá owó lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́. IBM gbé ilé ìwádìí rẹ̀ kejì ní Áfíríkà síbẹ̀ ní 2016, lẹ́yìn èyí tó wà ní Nairobi. Àjọ̀dún Fak'ugesi, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, sọ àdúgbò náà di ibi tí àwọn tó ń ṣe géèmù, àwọn ayàwòrán àti àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń rí ara wọn. Dwolatzky kú ní oṣù karùn-ún 2023, ọdún kan lẹ́yìn tí ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Coded History, jáde.

Àwọn ará Èkó mọ irú ibùdó yìí. CcHub ti wà ní Yaba kí Tshimologong tó ṣílẹ̀kùn, Mark Zuckerberg sì bẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹjọ 2016. Àwọn aládàáni ló dá ti Yaba sílẹ̀, ìyẹn Bosun Tijani, tó di mínísítà ní 2023, àti Femi Longe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yunifásítì Èkó àti Yabatech kò jìnnà síbẹ̀. Yunifásítì ló ni ti Braamfontein. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ yìí tóbi. Aládàáni ń wá ohun tí yóò fi san owó ilé lóṣù yìí. Yunifásítì lè fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ohunkóhun láti tà.

Ohun tí wọ́n sì ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Owó dátà wọ́n ní South Africa débi pé àwọn aráàlú gbé ìpolongo #DataMustFall dìde ní 2016. Àjọ tó ń mójú tó ìdíje òwò ṣèwádìí, ó sì sọ ní ìparí 2019 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù Vodacom àti MTN dín owó wọn kù. Ní oṣù kẹrin 2020, Vodacom sọ gígábáìtì kan tó jẹ́ 149 ráńdì di 99. Ẹni tó ń ṣe ìkànnì gbọ́dọ̀ máa fa irinṣẹ́ wálẹ̀ láti orí ayélujára lójoojúmọ́, torí náà ibi tí Wi-Fi ti jẹ́ ọ̀fẹ́ jẹ́ ibi iṣẹ́ fún un. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, tí àwọn ìpàdé bọ́ sórí fídíò, àwọn tí kò ní dátà ló kọ́kọ́ pàdánù wọn.

Ohun tó ń dùn mí nípa àwọn ìpàdé yìí ni àkókò wọn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ rọrùn fún ẹni tó ní mọ́tò. Soweto, níbi tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kó àwọn aláwọ̀ dúdú sí, fi nǹkan bí ogún kìlómítà jìnnà sí Braamfontein. Ọkọ̀ ojú irin Gautrain dúró ní Park Station nítòsí, ṣùgbọ́n kò dé Soweto. Taxi, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré akérò, ni ọmọ Soweto yóò wọ̀, yóò sì ní láti rìn kọjá afárá lọ sí ibùdókọ̀ Bree lóru. Bí ó bá tó nǹkan bí aago mẹ́jọ, wàá rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń rọra gbé báàgì wọn, tí wọ́n ń fara pamọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó tó di pé wọ́n béèrè ta ló ń wá iṣẹ́. Àwọn tí ìbéèrè náà wà fún gan-an ló ti ń lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń fi ìpàdé wọn sí ọ̀sán Sátidé, èyí sì dára gan-an. Àwọn tó ṣì fẹ́ ìrọ̀lẹ́ lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ògiri. Kí ilé iṣẹ́ tó ń san owó písà fi owó taxi kún un, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n sọ pé àwọn ń wá ló ń wọ taxi náà.