Bí kòrónáfáírọ́ọ̀sì ṣe ń tàn láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì nínú ara

Kòrónáfáírọ́ọ̀sì jẹ́ ẹbí fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa àrùn lára ènìyàn àti ẹranko. Ọ̀kan nínú wọn ni SARS-CoV-2, tí ó ń fa àrùn COVID-19. Orúkọ wọn wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí adé, nítorí àwọn ṣóńṣó tí ó yí ara wọn ká. Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Àfi kí ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì alààyè.

Wíwọ inú sẹ́ẹ̀lì

Ṣóńṣó yìí ni fáírọ́ọ̀sì náà fi ń ṣílẹ̀kùn. Ní imú, ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní prótéènì tí à ń pè ní ACE2 lójú awọ wọn. Ṣóńṣó náà a so mọ́ ACE2. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńsáìmù TMPRSS2, tí ó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, a gé ṣóńṣó náà, awọ fáírọ́ọ̀sì a sì dà pọ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Fáírọ́ọ̀sì SARS ti ọdún 2003 náà ń lo ACE2, ṣùgbọ́n ti MERS ń lo prótéènì mìíràn, DPP4.

Pípọ̀ sí i

RNA fáírọ́ọ̀sì náà, tí ó ní nǹkan bí 30,000 lẹ́tà, a bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ráíbósóòmù tí ó yẹ kí ó máa ṣe prótéènì fún ara a wá di òṣìṣẹ́ àlejò yìí. Wọn a ṣe ẹ́ńsáìmù tí ń da RNA náà kọ, àti àwọn prótéènì tí a ó fi to fáírọ́ọ̀sì tuntun.

Ọ̀nà méjì láti dé sẹ́ẹ̀lì mìíràn

Ọ̀nà kìíní ni pé sẹ́ẹ̀lì a tú àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun síta, wọn a sì wá sẹ́ẹ̀lì mìíràn lọ. Ọ̀nà kejì ni ìdàpọ̀: sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kó àrùn a gbé ṣóńṣó sí ojú awọ tirẹ̀, yóò so mọ́ ACE2 aládùúgbò rẹ̀, àwọn méjèèjì a sì di sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí ó ní ju kóró kan lọ nínú. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni a rí nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan tí COVID-19 pa. Níbi ìdàpọ̀, fáírọ́ọ̀sì kò jáde síta, nítorí náà ó ṣòro fún èròjà agbóguntàrùn inú ẹ̀jẹ̀ láti bá a.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí

Ara nílò ohun ìjà méjì: èròjà agbóguntàrùn tí ń dí ṣóńṣó lọ́wọ́, àti sẹ́ẹ̀lì T tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kó àrùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ara ní méjèèjì. Oògùn apakòkòrò bakitéríà kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Sẹ́ẹ̀lì imú sì lè ti máa tú fáírọ́ọ̀sì jáde kí ikọ́ tàbí ibà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá lè kó o ran àwọn ará ilé rẹ̀. Ọṣẹ ń tú awọ ọlọ́ràá fáírọ́ọ̀sì ká, ìdí nìyí tí fífọ ọwọ́ fi wúlò.

Ní Nàìjíríà

A fìdí ẹni àkọ́kọ́ múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020. Ibùdó ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, ní ìlú Ẹdẹ, ka RNA fáírọ́ọ̀sì tí ó wà lára ẹni náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó wà, a kéde ẹni àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ dé sí Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021.