Ohun Tí Ó Kù Nínú Yàrá Bàbá

Nígbà tí a bá ti ṣe ìsìn ìdúpẹ́ tán, tí àwọn àlejò ti padà sí Èkó, sí Ìbàdàn àti sí òkè òkun, tí a ti ká àga àyágbé kúrò, tí àgbàlá sì pa rọ́rọ́, iṣẹ́ kan a máa kù fún àwọn ọmọ olóògbé ní Ìgbájọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kù fún àwọn ọmọ olóògbé níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ náà ni kíkó yàrá bàbá. Pípín aṣọ kò ṣòro púpọ̀, nítorí aṣọ ni ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ilé àti ilẹ̀ ni ẹbí tí yóò jókòó lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe sí agogo tí ó ti kú láti ogún ọdún, tí bàbá kò jẹ́ kí a tún ṣe, tí kò sì jẹ́ kí a sọ nù? Kí ni a ó ṣe sí ìwé owó-orí tí ó fi okùn dì ní ọdọọdún, sí ìwé ìròhìn tí ó fi tàdáwà pupa fàlà sí, àti sí lẹ́tà ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, iná ni a ń sọ wọ́n sí kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé.

A kò sọ èyí láti fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ọ̀fọ̀ a máa rẹ ènìyàn, gbèsè ìsìnkú a sì máa wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìwé kékeré tí a ń tẹ̀ fún ìsìnkú náà. Olùfọkànsìn ni bàbá nínú rẹ̀, ọ̀làwọ́ ni, onísùúrù ni, bàbá rere ni. A kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí a ń sọ ni pé, bí a bá yọ àwòrán iwájú ìwé náà kúrò, tí a sì fi ti bàbá ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò bá onítọ̀hún mu láìyẹ̀. Níbo ni bàbá tí ó máa ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé asọ̀rọ̀mágbèsì náà ń gbọ́ ọ wà? Níbo ni ẹni tí ó ń ka ìbẹ́pẹ orí igi ní alaalẹ́ kí ó tó sùn wà? Àwọn ọmọ a máa rò pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò yẹ òkú. Àwọn ọmọ-ọmọ kò rò bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ìbẹ́pẹ kíkà yẹn gan-an ni wọ́n fi mọ bàbá wọn àgbà.

Àwọn baba ńlá wa kò bá wa ní irú ìtìjú yìí. Oríkì kì í bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ó bá kúrú, oríkì yóò sọ pé ó kúrú; bí ó bá jẹ gbèsè, bí inú rẹ̀ bá yá jù, bí ó bá fẹ́ràn ẹmu ju bí ó ti yẹ lọ, yóò wọ inú oríkì, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì yọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Àwa tí a mọ̀wé ni a ń fọ òkú ní ìfọ̀jù.

Ìgbájọ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀ràn ìrántí. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí àwọn ará Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fi dojú kọ ara wọn ní orí òkè tí ó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ìró ìbọn ni a fi sọ ọ́ lórúkọ: Kírìjì. A bá ti fi orúkọ balógun kan pè é, ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ etí àwọn ará ilé ni kò kúrò lọ́kàn wọn. Ní 1886, ìjọba Èkó rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, wá sí ibùdó àwọn ológun wọ̀nyí láti wá ọ̀nà àlàáfíà. Johnson yìí náà ni ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Òyìnbó ní 1899, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní 1901. Bí ó bá ṣe pé àwọn ẹbí ti dáná sun àjákù ìwé tí ó fi sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ náà jọ, ó sì tún ìwé kọ láti inú wọn. Ní 1921 ni ó jáde, nígbà tí dókítà pàápàá ti sùn ní 1920. Ohun tí ọmọ Ìgbájọ ń kà lónìí nínú ìwé náà nípa ìlú rẹ̀ àti nípa Kírìjì, inú àjákù ni ó ti wá.

Ìtàn orílẹ̀-èdè nìyẹn. Èyí tí ó wù wá jù láti sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa jẹ́ ti bàbá nínú ilé, ó sì ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti ní Ìsarà Rẹ́mọ.

Ọ̀gbẹ́ni S. A. Ṣóyínká, ọmọ Ìsarà, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Aké, Abẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Nínú ìwé tí ọmọ náà kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1981 tí ó sì pè ní Aké, ó sọ bí òun ti fún bàbá òun lórúkọ. Bí a bá pe lẹ́tà S àti A pọ̀ ní kíákíá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pe àròkọ ni etí yóò gbọ́, nítorínáà Essay ni ọmọ náà ń pe bàbá rẹ̀ nínú ọkàn. Ó sì bá a mu, nítorí ọ̀gá náà létò nínú ohun gbogbo bí àròkọ tí a kọ dáradára. Ó gbin òdòdó rose sí iwájú ilé, ó sì ń tọ́jú wọn gidigidi. Iyàn ni oúnjẹ rẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá pé jọ, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó kéré jù fún wọn láti jà lé lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọmọ tí ń gbọ́ gbogbo èyí láti ẹ̀yìn àga kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ó kó ìwé láti orí tábìlì bàbá rẹ̀, tí ó sì tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó kọ̀ láti padà sílé.

Bàbá ọ̀gá náà wà ní Ìsarà, òun pẹ̀lú sì ní ìṣe tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, bàbá àgbà mú kí a sín gbẹ́rẹ́ fún un ní ẹsẹ̀ àti ní ọwọ́, ó sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe kẹ̀yìn sí ìjà. Irú nǹkan báyìí ní ìdílé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ! Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àwọn ilé tí ń ka ìwé ìròhìn yìí yóò fọwọ́ sí. Síbẹ̀ ọmọ-ọmọ náà kò fi í pamọ́, a sì rò pé ó ṣe dáradára, nítorí kò sí ẹni tí ó ka ojú ewé yẹn tí kò rí ìfẹ́ ńlá nínú ọwọ́ líle bàbá àgbà náà.

Nígbà tí ó yá, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyínká náà lọ sí ibi àgbà ń rè. Àpótí páànù kan wà nínú ohun tí ó fi sílẹ̀. Ọmọ ṣí i. Ẹ gbọ́ ohun tí ó bá nínú rẹ̀: lẹ́tà, ìwé ìròhìn tí a sàmì sí, ìwé àkọsílẹ̀, ìwé èsì ilé-ẹ̀kọ́, ìwé owó-orí, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó yàrá bàbá rí mọ àpótí náà. Irú rẹ̀ wà ní Ìgbájọ, lábẹ́ ibùsùn. Láti inú rẹ̀ ni Ṣóyínká ti kọ ìwé tí ó jáde ní 1989, tí ó pè ní Ìsarà. Ìtàn àròsọ ni ó fi ṣe. Ó yí orúkọ padà, ó sì sọ bàbá rẹ̀ di Ṣódìtán. Nínú ìwé náà, Iléṣà, tí kò jìnnà sí Ìgbájọ, ni bàbá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ń fi orúkọ ìlú náà pe ara wọn títí wọ́n fi dàgbà.

Ohun tí ó dùn mọ́ wa jù nínú ìwé náà ni ti Ashtabula. Ìlú ni, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ sì wá láti èdè àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Olùkọ́ náà ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, lẹ́tà ni ó so wọ́n pọ̀. Ó fẹ́ràn orúkọ ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń pè é lẹ́nu bí ẹni ń lá oyin, tí ó ń ronú bí ìlú kan ti lè ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò kọ Ashtabula sínú ìwé ìsìnkú? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó lè fi olùkọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń rìn ká gbogbo ayé hàn wá ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ.

Ìyá ilé náà pẹ̀lú kò ṣe aláìní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ni ó jẹ́ fún Kánónì Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1855 tí ó sì sùn nínú Olúwa ní 1930. Ìwé Aké sọ bí ìyá náà ti ń pìtàn bàbá àgbà yìí fún àwọn ọmọ rẹ̀: pé egúngún kan wá dí ìsìn lọ́wọ́, pé ògiri ilé ìsìn wó sí ìta, àlùfáà sì tu ìjọ nínú, ó dúpẹ́, ó sì tẹ̀síwájú nínú ìwàásù rẹ̀. Bóyá ìtàn náà ti sanra díẹ̀ nígbà tí ó fi dé etí àwọn ọmọ, a kò lè sọ. Ìtàn ilé a máa sanra.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni a mọ Kánónì náà sí jákèjádò ilẹ̀ wa, èyíinì ni orin. Ohùn ni èdè Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ wa lé ohùn orin òyìnbó, ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu akọrin láìmọ̀. Kánónì náà ṣe orin tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ọ́ níbi tí ó bá ti ń wàásù. Ní 1922, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65, ó kọ orin mẹ́tàlélógójì sínú àwo gírámófóònù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Isaac Delano kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1942, àlùfáà olórin ni ó sì pè é láti àkọlé ìwé náà.

Ọmọ rẹ̀ ni Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 sí 1954. Nínú àwọn ọmọ tí òun bí, Olikoye, tí ó di mínísítà ìlera, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí bàbá àgbà kú. Fẹlá, tí ayé mọ̀ nínú orin, ni a bí ní 1938, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò bá a jẹun, kò sì jókòó lé itan rẹ̀ rí. Ohùn bàbá náà sì wà nínú àwo.

Lónìí, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà lápò gbogbo ọmọ, kò sì sí bàbá ní Ìgbájọ tí a kò lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, nígbà tí ó bá ń bá rédíò jà. Àwòrán àtijọ́ ni kò lè dúró. Ẹ wo èyí tí ó wà lára ògiri pálọ̀ yín, níbi tí bàbá ti dúró ní ọ̀dọ́, tí ọkùnrin kejì tí ó dé àkẹtẹ̀ sì dúró tì í. Bóyá ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù nínú ẹbí tí ó mọ orúkọ ọkùnrin náà, ó sì ti dàgbà. Ẹ lọ bi í ní ọ̀la, kí ẹ sì fi yẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwòrán náà.