Ooru ń lé PS5 kiri n'Ísàlẹ̀ Èkó o! Ẹ wo ohun tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ géèmù náà, àtohun tó ń kó bá àwọn tó fi ń jẹun

Bí ẹ bá gba Ìdúmọ̀tà wọ Ìsàlẹ̀ Èkó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí ẹ yà sáwọn kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn Ìdúmàgbò, tàbí tí ẹ gba Adéníjì Adélé kọjá, ẹ máa gbọ́ ariwo "Góòòlù!" tó le débi tí ẹ máa fi rò pé pápá Campos ló ti ń bọ̀. Irọ́ ni o. Inú yàrá kékeré kan ni wọ́n ti ń ké e, níbi táwọn géńdé bíi mẹ́wàá ti fún ara wọn mọ́ iwájú tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, tí kálukú di pádì mú bí ẹni pé ẹ̀mí ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Géèmù sẹ́ńtà ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Eré ni lójú ẹni tó wá gbá a, àmọ́ iṣẹ́ òòjọ́ ni fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó wá ń ká àwọn oníṣẹ́ yìí lára ni ooru. Kì í ṣe èyí tó ń mú àwọn fúnra wọn o, ìyẹn ti mọ́ wọn lára láti kékeré. Èyí tó ń mú ẹ̀rọ ni. Ọjà ti ń lọ lọ́wọ́, ẹnì kan ti fi góòlù méjì ṣáájú ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n sì ti ta á lówó, lójijì ni ọ̀rọ̀ kan máa yọ lójú tẹlifíṣọ̀n pé PS5 yín ti gbóná jù, ẹ pa á, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ká tó wí ká tó fọ̀, wàhálà ti dé. Ẹni tó ń ṣíwájú á ní àfi kí wọ́n ka góòlù òun, ẹni tí wọ́n ń nà á ní ayò ò tíì parí, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá owó wa padà!" ló sì máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Nígbà tí Sony gbé PlayStation 5 jáde ní November 2020, $500 ni wọ́n ń ta èyí tó ń lo àwo l'Ámẹ́ríkà. Ní June 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ẹ̀ fúnra ẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 2024, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500. Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. ₦750,000 ni $500 nìkan, a ò tíì sọ owó tó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi, a ò tíì dárúkọ èrè ẹni tó tà á. Àjọ ni ọ̀pọ̀ onísẹ́ńtà fi ń ra ẹyọ kan. Tí ẹyọ kan yẹn bá wá kú lọ́wọ́ ẹni, aláàjọ ò ní sọ pé òun ò ní gba owó òun.

FÁÀNÙ TÓ FẸ́Ẹ̀ TÓ ÀWO ỌBẸ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú PS5 wò, ohun tó máa yà á lẹ́nu ni pé ọpọlọ tó ń gbé géèmù jáde ò ju pélébé kan lọ, fáànù àti irin tó ń fa ooru ló gba gbogbo inú ilé. Ní October 2020, nígbà tó ku bí oṣù kan tí ọjà máa jáde, Yasuhiro Ootori, ọ̀gá àwọn tó ń ya àwòrán ara ẹ̀rọ náà ní Sony, jókòó síwájú kámẹ́rà, ó sì tú u palẹ̀ lójú gbogbo ayé. Fáànù tó wà nínú ẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 120, ó nípọn tó mílímítà 45. Ọ̀tún àti òsì ló ti ń fa atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn fáànù ni irin kan tó tóbi fàkìà-fakia, tí wọ́n tò ní abala-abala bí ìgbà téèyàn to ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú páìpù tó ń gbé ooru láti orí ọpọlọ ẹ̀rọ lọ sáàárín àwọn abala náà. Atẹ́gùn á gba iwájú wọlé, á gba àárín irin kọjá, á wá gba ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú ooru. Òun ló fà á tí ẹ̀rọ náà fi rí gbàǹgbà bẹ́ẹ̀, tó wọ̀n tó kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé, tí àwọn èèyàn fi ń bi ara wọn pé ṣé géèmù ni àbí àpótí.

Wọn ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é tóbi fún fàájì. Bí wọ́n bá ń gbá géèmù tó le lórí PS5 àkọ́kọ́ yẹn, iná tó ń jẹ tó wáàtì 200. Gbogbo iná yẹn ló sì ń di ooru, kò sí ibòmíì tó ń lọ. Ẹ rántí gílóòbù 100 wáàtì ayé àtijọ́, èyí téèyàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn tó bá ti wà lára iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Méjì irú ẹ̀ ló wà nínú àpótí kan. Sẹ́ńtà tó bá ní mẹ́ta, mẹ́fà nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó pani lẹ́rìn-ín: èèyàn kan tó jókòó jẹ́ẹ́, ooru tó ń ti ara ẹ̀ jáde tó wáàtì 100. Àwọn géńdé mẹ́wàá tó ń pariwo góòlù yẹn ń mú yàrá gbóná ju ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Sony fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá pé ibi tí ooru ẹ̀ ò bá lọ sókè ju ìwọ̀n 35 lọ lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì ni kí wọ́n ti máa lò ó. L'Ékòó wa yìí, bó bá di February sí March, ìta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gan-an máa ń tó 33. Yàrá tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ògiri ilé onílé ńkọ́? Àwọn tó kọ́ ilé àwọn Àgùdà ní Campos láyé ọjọ́un mọ ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú àwọn fèrèsé gíga wọ̀nyẹn, àmọ́ àwa tá a wá ń fi páálí dí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má baà bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n, a ò rò ó débẹ̀.

IRIN TÓ Ń ṢÀN BÍ OMI

Àṣírí tó tún wà níbẹ̀ rèé. Láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń fa ooru, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó máa so wọ́n pọ̀, torí bó ti wù kí irin méjì dán tó, àlàfo tíntìntín á ṣì wà láàárín wọn. Lára PS3 àti PS4, ìpara kan bí ọ̀dà ni wọ́n ń fi sí i, òun sì ni àwọn ẹnjiníà wa máa ń nù kúrò tí wọ́n á fi òmíì sí i. Nígbà tó kan PS5, Sony sọ pé ìpara ò lè gbé ooru yẹn mọ́, irin olómi ni wọ́n fi síbẹ̀, wọ́n sì lò ju ọdún méjì lọ láti fi múra ẹ̀ sílẹ̀. Gallium ni wọ́n máa ń pe irin tó jẹ́ ìpìlẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò tíì tó ìwọ̀n 30 tó fi ń yọ́, àtẹ́lẹwọ́ èèyàn lásán tó láti sọ ọ́ di omi. Ó ń gbé ooru ju ìpara lọ lọ́nà tó jìn síra.

Àmọ́ ó ní ìwà méjì tó burú. Iná ń gba inú ẹ̀ kọjá, tí ẹ̀kán ẹ̀ kan bá kán sórí bọ́ọ̀dù, ó lè jó o. Ó sì máa ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ìdí nìyẹn tí Sony fi fi fóòmù yí i ká kó má baà rìn. Ẹnjiníà tó bá wá fi ọwọ́ PS4 tú PS5, tó fà á yọ gbàrà, tó sì nù ún bí ẹni nu epo, àánú onísẹ́ńtà ni kó ṣèèyàn. Ẹ̀rọ tó kàn ń gbóná tẹ́lẹ̀ lè má tan mọ́ láéláé.

Ní January 2023, àwọn kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílùú òyìnbó pariwo pé táwọn èèyàn bá gbé PS5 dúró lóòró, irin olómi yẹn máa ń ṣàn kúrò ní àyè ẹ̀. Àwọn míì ní irọ́ ni, pé èyí tó ti jábọ́ tàbí tí wọ́n ti tú rí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjà náà le. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí Sony máa ṣe PS5 Pro, tó jáde ní November 2024, wọ́n gbẹ́ ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí irin olómi náà ń jókòó sí kó lè dúró. Ẹ̀yin náà ẹ bára yín sọ ọ́. Ẹni tó bá ní ti àkọ́kọ́ lè kúkú tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò ná an ní kọ́bọ̀.

OORU TI Ń PA GÉÈMÙ TIPẸ́

Kò bẹ̀rẹ̀ lórí PS5. Àwọn tó gbá Winning Eleven lórí PS2 lè má rántí ìyọnu yìí, torí ẹ̀rọ yẹn lágídí bí ìbaaka. Xbox 360, tó jáde ní 2005, ni ojú ẹ̀ rí màbo. Òrùka iná pupa á yọ níwájú ẹ̀, ó parí nìyẹn. Ní July 2007, Microsoft kéde pé àwọn máa ná ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ láti fi tún àwọn tó bàjẹ́ ṣe. Ooru tó ń gbóná tó ń tutù ló ń ya àwọn ojú ìsopọ̀ tíntìntín inú ẹ̀. PS3 náà ní tiẹ̀, iná yẹ́lò ni tòun. Àwọn ẹnjiníà a máa fi atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀ kí òjé tó so ó pọ̀ lè yọ́ padà, á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á tún kú. Owó iṣẹ́ ti wọlé ná.

Nígbà ayé PS4, fáànù ẹ̀ ló ń pariwo bí ọkọ̀ òfuurufú. Mark Cerny, àgbà tó ṣètò inú PS5, ṣàlàyé ní March 2020 pé àwọn kàn ń méfò iye iná tí géèmù máa jẹ ni, tí géèmù bá wá kọjá èyí táwọn fojú dá, fáànù á ké. Ti PS5, wọ́n fi òté lé iná, eré ọpọlọ ẹ̀rọ ló ń dín díẹ̀ tíṣẹ́ bá pọ̀ jù. Bí ìyàwó ilé tí iye owó ọbẹ̀ ẹ̀ ò yí padà ni: tí tòmátò bá wọ́n, iye tó máa rà ló máa dín.

ÀWỌN OHUN TÁ A Ń FỌWỌ́ ARA WA ṢE

Ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà ló ń ti ẹ̀rọ mọ́nú àpótí onígi kí olè má baà gbé e. Ó dáa, àmọ́ wọ́n á dí ẹ̀yìn àpótí pa, ooru tó jáde á sì tún gba iwájú padà wọlé. Àwọn míì á gbé fáànù onírìn, wọ́n á kọjú ẹ̀ sí ẹ̀yìn PS5, wọ́n rò pé àwọn ń tutù ú. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ooru ń gbà jáde! Wọ́n ń tì í padà sínú ni. Iwájú ni kí wọ́n kọjú fáànù sí, kí wọ́n sì gé ẹ̀yìn àpótí kúrò.

Eruku ọyẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Láti December sí February, ó máa ń di àárín àwọn abala irin yẹn pa. Sony ṣe ihò méjì tí eruku ń rọ́ sí, téèyàn lè fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á jáde tó bá ti ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́, kò nílò kó tú nǹkan kan. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń ti ọ̀sà fẹ́ wá sì ń jẹ irin, gbogbo ẹni tó ní páànù lórí ilé lágbègbè Ẹbúté Èrò mọ ìyẹn.

Ti iná ló kù. Tí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ gbóná jù, fáànù inú ẹ̀ dúró nìyẹn, ooru á há sínú. Tí wọ́n bá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tan án padà lójú ẹsẹ̀, ibi tó ti gbóná ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Láti May 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ, oníbàárà tó ti sanwó ò ní sùúrù, onísẹ́ńtà tó ti ra epo ò ní sùúrù. Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ nínú wọn ti ń ní kí àwọn ọmọ jáde síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n lọ mu píọ̀ wọ́tà. Àwọn ọmọ á ráhùn títí, wọ́n á jókòó sẹ́nu gọ́tà, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pẹ̀lú ooru ara wọn, yàrá á sì máa tutù.